Kérésì Ń Bọ̀, Ẹ Fẹ̀sọ̀ Wálé

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ Ìkàrẹ́ tí òkè rọ̀gbà yí ká bí ìjòyè ti ń rọ̀gbà yí ọba ká, ẹ̀yin ọmọ Ọ̀kà tí àwọn baba ńlá yín fi orí àpáta ṣe odi nígbà tí ogun Tápà ń jà ràn-ìn nílẹ̀ Àkókó, ẹ̀yin ará Àkùngbá, Súpárè, Ìsùà àti Ẹ̀pìnmì, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Kàdúná àti lókè òkun, tí ẹ sì ti ń fi ìka ka iye ọjọ́ tó kù kí ọdún ó pé, mo kí gbogbo yín pátá. Mo kí yín kú ọyẹ́, nítorí ó ti gbéra láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ètè ti ń bó, gìgísẹ̀ ti ń là. Mo sì kí yín kú ìnáwó tó ń bọ̀ lọ́nà, torí ẹni tó bá ṣọdún rí mọ̀ pé owó ni oúnjẹ ọdún.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ní àṣálẹ́ yìí ni bí ènìyàn ṣe lè rìnrìn àjò Kérésì kí ara má bó o, kí orí má fọ́ ọ, kí àpò rẹ̀ má sì ya. Ọmọ Sosan ni mí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Èkó, kò sì sí ọdún kan nínú wọn tí n kò wálé. Mo ti bá ọkọ̀ akẹ́rù wálé, mo ti bá bọ́ọ̀sì wálé, mo ti wa ọkọ̀ ara mi wálé, mo sì ti fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù nígbà tí ọkọ̀ kọ̀ tí kò lọ mọ́. Nísinsìnyí tí mo ti fẹ̀yìn tì, tí mo ń gbé ní Ìwàrò-Ọ̀kà, ó wá kan èmi náà láti máa jókòó síta, kí n máa wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń dé. Ẹni tó ti jẹ ìyà ojú ọ̀nà, tó sì ti jókòó wo bí àwọn mìíràn ṣe ń jẹ ẹ́, kò yẹ kí ó ṣàì rí nǹkan sọ.

Bí ó bá ti di ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá, mo máa ń gbé àga mi sábẹ́ igi lẹ́bàá títì, mo sì máa ń wo àwọn ọmọ wa bí wọ́n ti ń wọlé. Kí n má purọ́ fún yín, ohun tí ojú mi ń rí kò jọ ayọ̀. Ọkọ̀ á dúró, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ kò ní kí ẹnikẹ́ni, ẹ̀yìn ilé ni yóò sá gbà lọ, nítorí láti Iléṣà ló ti ń mú un mọ́ra, ọmọ kékeré tó tẹ̀ lé e á ti bì sára aṣọ ọdún tí wọ́n wọ̀ fún un láti Èkó kí ará ilé lè rí i bí ó ṣe gbayì tó, ìyàwó á ṣì jókòó sínú ọkọ̀, á fajú ro, torí pé òun àti ọkọ rẹ̀ kò tí ì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣìnà ní Àkúrẹ́, ọkọ fúnra rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ti na ọwọ́ méjèèjì láti gbá mọ́ra, ohun tó máa kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, “Màámi, fọganáísà wo ló wà nítòsí ibí?”

N kò fi wọ́n ṣẹ̀sín o, nítorí bí wọ́n ti ń ṣe é yìí ni èmi náà ti ṣe é rí. Ní ọdún kan báyìí, kí tẹlifóònù alágbèéká tó tàn dé ilẹ̀ wa ní ọdún 2001, mo wọ ọkọ̀ ní Èkó ní ọjọ́ kẹrìnlélógún yìí náà. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà, ohun tó ti kọjá ti kọjá. Wọ́n ní agogo mẹ́fà àárọ̀ ni a ó gbéra, agogo mẹ́wàá kọjá kí táyà tó yí. Nígbà tí a dé Ìbafo, ọkọ̀ tò bí ìjàlọ, awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ ra ẹ̀pà, ó jẹ ẹ́ tán, a kò tí ì sún ju ìdúró igi mẹ́ta lọ. A dé Ìbàdàn nígbà tí oòrùn ń rọ̀. Lẹ́yìn Iléṣà ni bẹ́líìtì ọkọ̀ já. Nígbà tí a ó fi dé Ọ̀wọ̀, agogo mọ́kànlá alẹ́ ti lù, awakọ̀ sì ní òun kò gun òkè Àkókó ní irú òru yẹn, bí a fẹ́ kí a lu òun pa. N kò bá a jiyàn. Òun ni ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ jù nínú gbogbo wa lọ́jọ́ náà. Inú gáréèjì ni mo sùn, lórí àpò ìrẹsì tí mo rù wá, adìyẹ kan sì ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn onígbàgbọ́ ti ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó wọ Sosan.

Ìyá mi ti gúnyán ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ó fi ewé bò ó, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kí ó má baà tutù. Nígbà tí ó di agogo mẹ́jọ, ó ṣí i wò, ó tún un bò. Nígbà tí ó di agogo mẹ́wàá, ó tún ṣí i, iyán ti gan, ó ti ń là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Kò jẹ nínú rẹ̀, kò sì sùn. Orí pèpéle níta ni wọ́n bá a ní àfẹ̀mọ́júmọ́ tó fi aṣọ òtútù bora. Nígbà tí mo dé, n kò tí ì dọ̀bálẹ̀ tán tó fi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, tó sì bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò tí ì rí èsì rẹ̀ di òní olónìí. Ó ní, “Olùkọ́, ọjọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú oṣù ni?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbéèrè yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fagbára mú ní í nini lára, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun tí a ń fagbára mú bí ọjọ́ tí a ó délé. Ìṣòro ìrìn àjò Kérésì kò sí lójú títì tó bí ó ti wà lára kàlẹ́ńdà. Gbogbo Èkó, ìlú tí ẹnikẹ́ni kò lè ka èrò inú rẹ̀ tán, á ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan náà, wọn á sì jọ kọrí sí ẹnu ọ̀nà kan náà bí oyin tó ń jáde nínú àpáta. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí ẹ ń wò yẹn kò gùn ju kìlómítà 127 àti díẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní ọdún 1978, a rò pé wàhálà wa ti dópin, àfi bí ìlú ṣe rọ́ wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, Ìbafo, Mọ́wé àti àwọn àgọ́ àdúrà ńlá ńlá, tí àwọn ọ̀kẹ́ àìmọye olùjọsìn ń lọ síbẹ̀ nínú oṣù Kejìlá gan-an. Ẹni tó fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ béèrè kí ó tó gbéra bóyá ìpàdé ńlá wà lọ́jọ́ náà; bí ó bá sì wà, kí ó yáa fi ìrìn àjò rẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ gbéra ní ọjọ́ kejìdínlógún tàbí ìkọkàndínlógún oṣù, ní àárín ọ̀sẹ̀, kí ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ti, kí ilé iṣẹ́ má tí ì ti. Bí ọ̀gá kò bá gbà, ta ló wá sọ pé ọjọ́ Kérésì gan-an ni dandan? Àwọn ìjọ àtijọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ọjọ́ méjìlá ni wọ́n fi ń ṣe àjọ̀dún ìbí Olúwa, láti ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá títí dé ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní. Ẹni tó wọlé ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n kò tí ì pẹ́ ọdún. Ẹran ṣì wà ní ìṣasùn, ọ̀nà ti dá, àwọn tó sáré wá sì ti ń rẹjú. Nípa ìpadàbọ̀, ẹ yẹra fún ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta oṣù Ṣẹ́rẹ́ bí ẹni yẹra fún gbèsè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà tó jẹ́ pé ní gbogbo ọdún, ọjọ́ kejì oṣù Ṣẹ́rẹ́ yìí ló fi ń wá sílé, nígbà tí gbogbo ayé ń padà lọ. Ó ní òun nìkan lòun máa ń dá gba ọ̀nà òun, àìgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ló sì ń ṣe òun láǹfààní. Ìgbéraga díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Mo fẹ́ sọ díẹ̀ nípa ọkọ̀ ojú irin, nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ dárí jì mí. Láti ọdún 1901 ni ojú irin ti gba Èkó dé Ìbàdàn, láìpẹ́ ó sì dé Òṣogbo. Àwọn bàbá wa tó jẹ́ ọmọ Àkókó, tí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ojú irin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà dé ìdajì ọ̀nà kí wọ́n tó wọ bolẹ̀kájà gba Iléṣà àti Àkúrẹ́ wá sílé. Lẹ́yìn náà ni ojú irin dògbólógbòó, a kọ̀ ọ́ sílẹ̀, a wá kó gbogbo ara wa lé orí títì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kìlómítà 157, láti Èkó dé Ìbàdàn, tí ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta ń jẹ́ orúkọ Mobolaji Johnson, tí ti Mọ́níyà ní Ìbàdàn sì ń jẹ́ orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní Kérésì ọdún 2023, lọ́dún tí owó ìrànwọ́ orí epo kúrò nílẹ̀ tí owó ọkọ̀ sì gbé ìyẹ́ fò, ìjọba àpapọ̀ ní kí ọkọ̀ ojú irin máa gbé ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá títí dé ọjọ́ 4 oṣù Kìn-ín-ní. Yálà ọ̀fẹ́ ni o, yálà owó ni o, ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ti fo ẹ̀gún tó le jù nínú ìrìn náà kọjá. Kí ó kàn rántí pé Mọ́níyà jìnnà sí ìgboro, kí ó ti mọ ọkọ̀ tí yóò gbé e láti ibẹ̀ dé ibi tí ọkọ̀ Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ wà, kí ẹrù rẹ̀ sì fúyẹ́.

Fún ẹni tí yóò wa ọkọ̀ ara rẹ̀, Ògún lákáayé ni yóò bá ọ rìn, ṣùgbọ́n Ògún kì í bá ọ̀lẹ wo táyà. Nínú oṣù Kọkànlá ni kí o ti gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì, má ṣe dúró di ọjọ́ tí gbogbo Èkó yóò tò sílé rẹ̀, tí ọmọṣẹ́ ni yóò máa bá ọ tú búréèkì, tí ọ̀gá yóò wà lọ́dọ̀ oníbàárà olówó. Kí o sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ fúnra rẹ. Ẹ jẹ́ kí n fi bí a ti ń kà á hàn yín, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wakọ̀ fún ogún ọdún tí kò mọ̀ ọ́n. Lára rọ́bà yẹn, níbi tí wọ́n kọ lẹ́tà D, O àti T sí, ẹ ó rí àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà kan tó tẹ̀ lé ara wọn. Mẹ́rin tó kẹ́yìn ni kí ẹ mú ojú sí. Bí wọ́n bá kọ 2319 síbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ wọn àkọ́kọ́, ti ń tẹnu mọ́ ọn pé táyà tó bá ti lo ọdún mẹ́rin láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é ti darúgbó, ì báà ṣe pé ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Táyà tí wọ́n bá sì fi epo kùn ní ọjà, tí wọ́n ní “tòkúnbọ̀ ni, ọ̀gá, ó dára ju tuntun lọ,” ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀ kí ẹ tó rẹ́rìn-ín bá ọlọ́jà.

Ẹ má ṣe kó epo bẹntiróòlù sínú jálá sí búùtù ọkọ̀ nítorí ìbẹ̀rù pé epo yóò wọ́n ní ilé. Ọkọ̀ tó bá gbé jálá epo lẹ́yìn àwọn ọmọ, bọ́ǹbù ló gbé. Nípa eré sísá, òfin ní kí ọkọ̀ kékeré má kọjá kìlómítà 100 láàárín wákàtí kan lójú ọ̀nà márosẹ̀, kí bọ́ọ̀sì má kọjá 90, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà wa láti Ọ̀wọ̀ lọ sókè, láti Ọ̀bà-Àkókó wá, ìdajì ìyẹn ti tó ènìyàn, nítorí orí òkè ni à ń lọ, ohun tó bá sì ń gun òkè yóò sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo yín ni ẹ mọ ìsọ̀kalẹ̀ tó wọ Àkùngbá, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Fásítì Adékúnlé Ajáṣin ti ń sọdá títì. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù tí búréèkì rẹ̀ kọ̀ ti sọ ọ̀pọ̀ ilé di ilé ọ̀fọ̀. Ẹ lo jíà kékeré láti òkè wá, ẹ má ṣe sún mọ́ tírélà níwájú, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ó wà lẹ́yìn yín. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122, kò sì gba owó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má rin òru. Ọyẹ́ nìkan ti tó ìdí, torí ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ó máa ń bo títì bí ẹni pé wọ́n ta aṣọ funfun síwájú ọkọ̀. Àwọn olubi tó ń gbé ènìyàn lójú ọ̀nà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tó fi di dandan fún àwọn ìjọba ilẹ̀ Yorùbá láti dá ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ṣú mọ́ yín lójú ọ̀nà, ẹ wá ilé sùn sí níbẹ̀. Àkúrẹ́ kì í ṣe igbó. Ọ̀wọ̀ kì í ṣe igbó.

Ọ̀rọ̀ wá kan ẹrù. Mo rí arákùnrin kan ní ọdún tó kọjá tó kó iṣu mẹ́wàá láti Máìlì Kejìlá ní Èkó wá sí Àkókó. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: iṣu, wá sí Àkókó! Ẹni tó pọn omi lọ sódò kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti sanwó iṣu náà ní ìlọ́po, ó ti fi ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, nígbà tí ọjà Ìkàrẹ́ wà níbí tí iṣu tuntun, ìrẹsì, adìyẹ, òróró àti tòmátì kún inú rẹ̀, tí àwọn ìyá tó ń tà á sì jẹ́ ìyá ẹni àti àbúrò ìyá ẹni. Owó ni kí ẹ kó wá, ẹ jẹ́ kí ilé rí i jẹ. Àwọn ohun tí kò sí nílé nìkan ni kí ẹ gbé dání, àwọn bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún bàbá, gíláàsì ojú ìyá àti ìwé fún àwọn ọmọdé.

Owó náà sì nìyí: ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Mo mọ ẹni tó yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi wálé ṣe Kérésì, tí ó jẹ́ pé oṣù Kẹjọ ló tó san án tán, lẹ́yìn tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin péré ló lò nílé. Kí ni ènìyàn lè ṣe? Mo máa ń ṣe é báyìí nígbà tí mo wà ní Èkó: ní oṣù Kẹwàá, èmi àti ìyàwó mi á kọ orúkọ àwọn tí a gbọ́dọ̀ fún ní nǹkan, a ó di owó olúkúlùkù sínú àpòòwé, a ó kọ orúkọ sí i. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ẹnu ni a ó fi kí i, ọ̀rọ̀ dídùn sì ń bẹ lẹ́nu wa. Ní ọdún kìn-ín-ní, àwọn kan ní mo ti ya ahun. Ní ọdún kejì, wọ́n ti mọ̀ mí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún kẹta lọ, oorun àsùngbàgbé ni mo ń sùn ní Sosan.

Ẹ jẹ́ kí n kọjú sí àwa tí a wà nílé náà, torí pé a ní ẹ̀bi tiwa. Bí ọmọ bá wà lójú ọ̀nà, a ó máa pè é lórí fóònù ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá: “Ibo lẹ dé? Ṣé ẹ ti kúrò ní Ifẹ̀? Ẹ̀yin nìyẹn, ṣé ẹ ti rí Ọ̀wẹ́nà?” Ìyá pè, ẹ̀gbọ́n pè, àbúrò pè, olórí ẹbí náà tí kò pè láti ọdún tó kọjá pè, ọmọ tó fi ọwọ́ kan di ìdarí ọkọ̀ mú, tó fi èkejì di fóònù mú, ṣé bí a ti fẹ́ kí ó dé nìyẹn? Ẹ pe ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí wọ́n bá dúró jẹun. Àti pé nígbà tó bá dé tán, ẹ má kó àwọn ìwé ìpè síwájú rẹ̀ kí ó tó wẹ̀: ìgbéyàwó ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ìsìnkú ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ìpàdé ọmọ ìlú, ìdáwó ṣọ́ọ̀ṣì, ìdáwó ilé ìwé, ankoo ti ẹgbẹ́ yìí àti ankoo ti ẹgbẹ́ tọ̀hún. Mo ti rí ọmọ tó wá sinmi nílé tó padà sí Èkó lọ gba ìsinmi lọ́dọ̀ dókítà. Kí ọmọ mú méjì nínú gbogbo rẹ̀, kí ó fi owó díẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ìdárò ránṣẹ́ sí ìyókù, kí a sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọjọ́ tó bá ṣẹ́ kù ni ọdún gan-an. Ẹ jí ní ìdájí, nígbà tí ọyẹ́ ṣì tutù, kí ẹ mú àwọn ọmọ gun orí òkè Ọ̀kà, kí ẹ fi ibi tí àwọn àgbà ń dúró sí wo ọ̀tá hàn wọ́n. Àwọn Àgùdà ní Òkè Màríà tiwọn níbí, tí àwọn èrò ń ti ọ̀nà jíjìn wá gùn lọ gbàdúrà. Ẹni tí kò jẹ́ Àgùdà náà lè gun òkè, kò sí ẹni tó ń béèrè ìjọ lọ́wọ́ atẹ́gùn. Bí ẹ bá ní ọkọ̀ tó ṣeé gbọ́kàn lé, ẹ yà sí Ọ̀wọ̀, níbi tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti wà láti ọdún 1968, nítòsí ààfin Ọlọ́wọ̀. Ní ìlú yìí kan náà ni Ekpo Eyo ti hú àwọn ère amọ̀ jáde ní ọdún 1971, èyí tó fi hàn pé àwọn baba ńlá wa mọ iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn kí ẹ tó lọ, torí òṣìṣẹ́ ìjọba náà ń ṣọdún. Àwọn òkè Ìdànrè ńkọ́, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta? Ìyẹn wà fún àwọn tí orúnkún wọn ṣì gbọ́ràn. Ní Ìkàrẹ́, tí mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ti jọ ń gbé inú agbo ilé kan, ẹ má gbàgbé láti bu ìrẹsì Kérésì fún àwọn alálàájì tó bu ẹran Iléyá fún yín. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ mùsùlùmí, tó jẹ́ pé òun gan-an ló máa ń rán mi létí pé ọdún mi kù ọ̀sẹ̀ méjì, kí n ra adìyẹ kí ó tó wọ́n.

Àkókò tí wọ́n fún mi ti ń tán lọ. Ọmọ mi ọkùnrin pè mí lánàá láti Èkó, ó ní àwọn ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ojú irin fún ọjọ́ kejìdínlógún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan yóò sì fi ọkọ̀ gbé wọn láti Mọ́níyà. Màmá wọn ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́jà lọ ṣà iṣu, ó tẹ́ wọn sórí àkéte níbi tí ewúrẹ́ kò lè dé, ó ní òun kò ní gúnyán títí òun yóò fi gbọ́ ohùn wọn ní ẹnu ọ̀nà. Ọmọ-ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ gba fóònù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó bi mí pé, “Bàbá àgbà, ṣé nẹ́tíwọ̀kì wà lórí òkè yín?” Mo ní ó wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àpáta ńlá kan ló máa ń sá sí, èmi àti òun yóò sì jọ wá a lọ ní ìdájí ọ̀la ọjọ́ tí wọ́n bá dé.